Etí La Fi Ń Dín Murukku

"Òróró yẹn ò tíì dákẹ́."

Ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀ láti orí àga tí wọ́n jókòó lé, ẹsẹ̀ wọn ọ̀tún nà gbọọrọ lórí àpótí, báńdéèjì funfun wé orúnkún wọn. Obìnrin tó dúró nídìí agbada kò gbọ́ Yorùbá rárá. Tamil ni èdè tiwọn. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu ìyá mi ni obìnrin náà na ọwọ́ òsì sí ọmọ ọmọ wọn tó ti mú ṣíbí onihò dání, pé kó dúró. Gbogbo wa dúró. Òróró ń pariwo ṣàà, ariwo náà ń rẹlẹ̀, ó di ṣìì, ó wá ku bíńtín, bí ìgbà tí òjò bá ń dá lórí páànù. Àwọn méjèèjì mi orí lẹ́ẹ̀kan náà. Obìnrin náà ní, "Edu!", ìyẹn "Mú un!" ní Tamil. Ọmọ náà kó murukku, ìpápánu díndín kan, jáde.

Ọdún 2018 ni, ní Mylapore, àdúgbò àtijọ́ kan nínú ìlú Chennai ní gúúsù Íńdíà, nígbà tí Deepavali, ọdún ìmọ́lẹ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, ku bí ọ̀sẹ̀ kan. Láti ìgbà náà ni mo ti ń dín ìpápánu àwọn ará ibẹ̀ nínú ilé mi n'Íbàdàn. Ó ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ti dára lọ́pọ̀ ìgbà. Àwọn èèyàn máa ń bi mí pé irú ìyẹ̀fun wo ni, irú òróró wo ni, iná mélòó ni. Mo máa ń dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ pé ó ṣe pàtàkì jù ni ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ yẹn láti ẹnu àwọn obìnrin méjì tí wọn kò gbédè ara wọn.

Orúnkún ló gbé wa débẹ̀. Ọdún 31 ni ìyá mi fi dín àkàrà ní ìkóríta kan n'Íbàdàn, láti ìdájí títí oòrùn á fi mú, lórí àpótí kékeré kan tó mú kí orúnkún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Àkàrà yẹn ló rán èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin níwèé. Àpótí yẹn náà ló jẹ eegun orúnkún wọn. Nígbà tí dókítà ní àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Láńdánù san èyí tó pọ̀ jù nínú owó, èmi gbàyè níbi iṣẹ́, a sì wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Chennai, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti máa ń gba ìtọ́jú. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n ní kí a ṣì wà nítòsí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. A gba yàrá nílé opó kan tí yàrá ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjú sí ilé ìdáná. Àdéhùn kan ṣoṣo ni wọ́n bá wa ṣe: a ò gbọdọ̀ se ẹran tàbí ẹja nínú ilé náà. Ìyá mi gbà, wọn ò ráhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ bí ẹja gbígbẹ ṣe ń wù wọ́n tó.

Ní Mylapore, bí obìnrin bá ti dàgbà nínú ìdílé Brahmin, ìran àwọn àlùfáà Híńdù, "maami" ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyàwó arákùnrin ìyá ẹni ni ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ní Tamil. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí a débẹ̀, ọmọ aládùúgbò kan dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó ké "Maami!" Ìyá mi dáhùn láti orí ibùsùn: "Ta nìyẹn? Wọlé!" Bí mo ṣe ṣàlàyé fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Tamil kò bá Yorùbá tan, ọ̀rọ̀ méjèèjì kàn ṣe kòńgẹ́ ara wọn ni. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn lọ, àwọn méjèèjì ń pe ara wọn ní Maami, kò sì sí ẹni tó ṣàlàyé mìíràn fún wọn mọ́.

Ìpápánu tí mò ń wí yìí pọ̀ lórúkọ. Murukku ni èyí tó rí bí okùn tí wọ́n ká jọ. Ohun tí a lọ́ ni orúkọ náà túmọ̀ sí. Thattai rí pẹlẹbẹ, ewé kọ́rì àti èérún ẹ̀pà máa ń yọjú lára rẹ̀. Seedai rí róbótó bí ọmọ ayò. Ribbon pakoda fẹ̀, ó sì gùn bí ọ̀já, omapodi tín-ín-rín bí òwú. Gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ gbẹ dénú, kí wọ́n sì máa run wómúwómú lẹ́nu. Èdè Tamil ní irú ọ̀rọ̀ tiwa yìí, ọ̀rọ̀ tó ń dún bí ohun tó ń júwe. "Moru-moru" ni wọ́n ń pe wómúwómú. Kò pé ọjọ́ méjì tí ìyá mi fi mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ kí agbada tó gorí iná. Maami fọ ìrẹsì tí wọn kò bọ̀ rí, pacharisi ni wọ́n ń pè é, wọ́n rẹ ẹ́ sómi, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n sì tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun nílẹ̀ pálọ̀ lábẹ́ fáànù. Wọn ò sá a sóòrùn. Wọ́n kàn ń pààrà rẹ̀, wọ́n ń tẹ àtẹ́lẹwọ́ lé e. Bí ìrẹsì bá lẹ̀ mọ́ ọwọ́ púpọ̀, kò tíì tó. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn rárá, ó ti kọjá àkókò. Ó gbọ́dọ̀ ku ọ̀rinrin díẹ̀ nínú kí ó tó lè kúnná dáadáa lẹ́nu ẹ̀rọ. Èmi ni wọ́n rán lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ ní òpópónà kejì. Àwọn obìnrin ti tò síbẹ̀ pẹ̀lú garawa irin wọn, gbogbo afẹ́fẹ́ ibẹ̀ funfun, ara mi sì rọ̀ wọ̀ọ̀, nítorí ibi ẹ̀rọ ẹ̀wà ni mo dàgbà sí. Ìyẹ̀fun náà gbóná nígbà tí wọ́n bù ú fún mi. Maami tẹ́ ẹ kó tutù, wọ́n jọ̀ ọ́ nínú asẹ́, wọ́n tún un jọ̀.

Èkejì rẹ̀ ni ulundu. Dúdú ni èèpo rẹ̀, funfun ni inú rẹ̀, ó kéré ju ẹ̀wà wa lọ. Maami yan án gbẹ lórí iná kékeré títí ó fi pọ́n díẹ̀, tí òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo ilé, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ìyá mi bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi èékánná ya ọ̀kan sí méjì, wọ́n wò ó fínnífínní. "Ẹ̀wà ni," wọ́n ní. Wọn ò jìnnà sí òótọ́. Àwọn onímọ̀ nípa ohun ọ̀gbìn kó ulundu àti ẹ̀wà wa sínú ìran kan náà, Vigna ni wọ́n ń pe ìran náà.

Ife ìyẹ̀fun ìrẹsì mẹ́rin, ife ìyẹ̀fun ulundu kan: bí Maami ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyẹn. Wọ́n á fi ṣíbí bọ́tà méjì tàbí mẹ́ta sí i, wọ́n á fi ìka fún un mọ́ ìyẹ̀fun títí kò fi ní sí kókó kankan. Yánmọtí tẹ̀lé e, jeeragam, ìyẹn kúmínì, náà tẹ̀lé e. Iyọ̀ kì í wọlé ní gbígbẹ. Inú omi ni wọ́n ti ń yọ́ ọ. Inú omi yẹn náà ni perungayam ń gbà wọlé, oje gbígbẹ láti ara gbòǹgbò ewéko kan tí wọ́n ń kó wá láti Afganístánì àti Ìráànì. Bí o bá ṣí ìgò rẹ̀, wàá fẹ́ sá jáde. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan òróró gbígbóná, òórùn yẹn á yí padà, á di ohun tó ń fa ọ̀fun. Maami kì í fi àlùbọ́sà tàbí áyù sínú ìpápánu ọdún, perungayam ló ń dúró fún wọn. Ìyá mi gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Irú tiwọn nìyí." Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni lè ṣàlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bọ́tà ló ń jẹ́ kí murukku fọ́ wẹ́rẹ́ lẹ́nu. Bí ó bá kéré jù, á le bí òkúta. Bí ó bá pọ̀ jù, á tú sínú òróró kí ó tó jinná, ìwọ á sì máa fi ṣíbí ṣa èérún. Omi náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bí ìyẹ̀fun bá le, á máa já lẹ́nu ìfúnni. Bí ó bá rọ̀ jù, á mu òróró yó. Ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn èèyàn ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru òróró, orí omi ló yẹ kó wà.

Kò sí ẹni tó tọ́ ọ wò. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyí. Nílé Maami, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé oúnjẹ ọdún síwájú òrìṣà ìdílé kí ẹnikẹ́ni tó fi kan ẹnu, nítorí náà ẹni tó ń sè é kò lè tọ́ iyọ̀ wò, kò lè bu èyí tó kọ́kọ́ jinná jẹ kó mọ̀ bóyá ó gbẹ. Ojú, ọwọ́, imú àti etí nìkan ló kù fún un. Ìyá mi, tí wọ́n ti ń tọ́ ẹ̀wà wò láti kékeré, kọ́kọ́ rò pé mo ṣì wọ́n gbọ́ ni. Nígbà tó yé wọn, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní: "Á jẹ́ pé etí wọn á mú gan-an."

Ẹ̀rọ ìfúnni wà, bàbà tàbí irin, a máa ń fi awo onihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ihò tó rí bí ìràwọ̀ ló ń fún murukku ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ lára, ihò róbótó ló ń fúnni ní thenkuzhal tó ń dán. Ọmọ ọmọ Maami ń fún tirẹ̀ sẹ́yìn ìgbákọ, ó ń yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń rọra yọ̀ ọ́ sínú òróró. Iṣẹ́ kíá ni. Ṣùgbọ́n Maami fúnra wọn ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń lọ́ tiwọn, kai murukku nìyẹn, àwọn tó ṣì mọ̀ ọ́n ń dín kù lójoojúmọ́.

Mo jókòó tì wọ́n nílẹ̀ láti wò ó. Wọ́n fi òróró pa ìka. Wọ́n bu ìyẹ̀fun pípò tó tó ọsàn wẹ́wẹ́ kan sínú ọwọ́ ọ̀tún. Àtàǹpàkò àti ìka méjì àkọ́kọ́ ń fún un jáde, bí ó sì ti ń jáde ni wọ́n ń lọ́ ọ, ìlọ́po kan lórí èkejì, tó fi dà bí irun tí onídìrí ń fi òwú dì. Ọwọ́ wọn ń lọ yípo láti àárín bọ̀ síta. Wọn ò wò ó. Ọmọ ọmọ wọn ni wọ́n ń bá wí lórí nǹkan mìíràn bí ìka wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n gbé ọwọ́ kúrò, ìyípo mẹ́rin ló wà lórí aṣọ, gbogbo ìlọ́po rẹ̀ dọ́gba. Mo gbìyànjú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́fà tẹ̀ lé ara wọn. Ní ìrọ̀lẹ́ kẹfà, mo rí ìyípo kan gbà kó tó já.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ etí.

Ariwo tí a ń gbọ́ nígbà tí nǹkan bá bọ́ sínú òróró gbígbóná, ariwo omi ni. Òróró fúnra rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Omi tó wà nínú ìyẹ̀fun ló ń di ooru lójijì, tó ń wá ọ̀nà jáde, tó ń mú kí òróró hó bí ọṣẹ yí murukku ká. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá ṣì ń jáde, ariwo á wà. Bí omi ṣe ń tán ni ariwo ń rẹlẹ̀, tí híhó náà ń dín kù, tí ara murukku sì ń le. Àwọn Tamil ní orúkọ fún ariwo yẹn, salasalappu ni wọ́n ń pè é, ohun tí ìyá ń sọ fún ọmọ tó ń kọ́ dídín ni pé kó dúró títí salasalappu á fi rọlẹ̀. Bí a bá yọ ọ́ kí ó tó rọlẹ̀, á dán, á pọ́n, á rẹwà lójú, ṣùgbọ́n kó tó dọ̀la á ti rọ̀ bí awọ. Omi tó kù nínú rẹ̀ á ti rìn bọ̀ sára.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ iná ńlá. Iná ńlá á pa awọ̀ ara rẹ̀ dà kí omi inú tó jáde. Iná tó bá jẹ́ kí èérún ìyẹ̀fun kan rì, kó sì léfòó padà láìpẹ́ láìjìnnà, ìyẹn ti tó. Lẹ́yìn náà, ìwọ ṣáà dúró kí o sì máa gbọ́. Mo mọ̀ pé ó ṣòro. Nínú ilé ìdáná tiwa, rédíò ń sọ̀rọ̀, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé, ọmọ ń pe ìyá rẹ̀. Èmi máa ń pa gbogbo rẹ̀ bí mo bá fẹ́ dín murukku. Mo ti sọ fún àwọn ará ilé mi pé ní wákàtí méjì yẹn, ẹnu ọ̀nà ni kí wọ́n ti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ìyá mi ló la ojú mi sí ìyókù rẹ̀. Mo bi wọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí mò ń fi yìnyín sí orúnkún wọn, bí wọ́n ṣe mọ̀ pé òróró Maami ò tíì dákẹ́, nígbà tí wọn ò dín murukku rí láyé wọn. Wọ́n ní etí àwọn ti mọ ibi tí àkàrà ti ń sọ pé òun tó. Àkàrà kì í dákẹ́. Bí o bá dúró kí ó dákẹ́, inú rẹ̀ á gbẹ, á di ohun tí kò ṣeé fi mu ẹ̀kọ. O gbọ́dọ̀ yọ ọ́ nígbà tó ṣì ń sọ̀rọ̀, tí ohùn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yí padà. "Ti Maami yìí," wọ́n ní, "mo gbọ́ pé ó ti kọjá ti àkàrà, ó ṣì ń lọ. Mo wá ní kí n dúró, kí n mọ ibi tó ń lọ." Obìnrin tó ti ń gbọ́ ohùn kan fún ọdún 31 ló lè tẹ̀lé e kọjá ibi tó ti mọ̀ ọ́n dé ibi tí kò mọ̀.

Ibi vadai ni ìyá mi ti wá gba agbada lọ́wọ́ Maami. Ulundu ni wọ́n fi ń ṣe medu vadai. Wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún wákàtí bíi méjì, wọ́n á lọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi tútù bíńtín, wọ́n á sì fi ọwọ́ pò ó títí afẹ́fẹ́ á fi wọ inú rẹ̀. Ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ, inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rọ̀. Maami bu ìdì kékeré kan sínú abọ́ omi, ó léfòó. Ìyá mi pàtẹ́wọ́. Bí àwọn náà ṣe ń dán ẹ̀wà pípò wò láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Wọ́n ní kí n gbé abọ́ náà wá fún àwọn, wọ́n yọ òrùka ọwọ́ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó lórí àga pẹ̀lú ẹsẹ̀ ní nínà. Ó ti lé ní oṣù kan tí ọwọ́ wọn ò ti kan nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo rí i lójú wọn.

Vadai máa ń ní ihò láàárín kí iná lè dé inú rẹ̀ bákan náà. Ìyá mi ò dá ihò sí tiwọn. Wọ́n fi ọwọ́ jù ú sínú òróró róbótó bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ìkóríta wọn. Mo ti fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún wọn lọ́dọ̀ Maami. Maami kàn wo inú agbada, wọ́n ní, "Bonda!" Àwọn náà ní èyí tí kò ní ihò, wọ́n sì ní orúkọ fún un.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti ọmọ ọmọ Maami lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí tẹ́ńpìlì Kapaleeshwarar, mo sì rí ẹ̀wà wa nínú àpò, ẹ̀wà olójú dúdú gan-an. Karamani ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ Áfíríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ẹ̀wà yìí di ohun ọ̀gbìn, ó sì ti tó nǹkan bí ọdún 3,000 tí ó ti wà ní Íńdíà. Mo gbé kílò kan délé. Ìyá mi rẹ ẹ́, wọ́n bó o, wọ́n dín àkàrà nínú ilé ìdáná Maami. Alùbọ́sà nìkan ni wọn ò fi sí i, nítorí ilé ẹni ẹlẹ́ni ni. Maami jẹ mẹ́rin.

Òwúrọ̀ ọdún fúnra rẹ̀, ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá, a jí kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọ́n fi òróró yánmọtí ra orí wa kí a tó wẹ̀, ìyá mi náà gbà kí wọ́n ra tiwọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ ti ní wákàtí kan láàárọ̀ àti wákàtí kan lálẹ́ ni kí wọ́n fi yin báńgà lọ́dún yẹn, nítorí náà ní aago mẹ́fà gbogbo àdúgbò bú gbàù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan murukku, Maami fún wa ní ṣíbí àgúnmu dúdú kan, Deepavali legiyam, atalẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ó ta lẹ́nu, nítorí wọ́n mọ̀ pé òróró ọjọ́ náà á wúwo nínú. Lẹ́yìn náà ni àwo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ilé dé ilé. A kò dá àwo ẹnikẹ́ni padà lófìfo.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, n'Íbàdàn, mo ní kí n dín seedai. Ọdún Krishna, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà Híńdù, ni wọ́n ń ṣe é fún, Maami sì ti kọ́ mi ní ti ẹnu. Mo pò ó, mo yí i ní róbótó tó ń dán, inú mi dùn sí bí ó ṣe dọ́gba. Mo kó wọn sínú òróró. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú kan, ọ̀kan bẹ́ gbàà bí ìbọn, òmíràn tẹ̀lé e, òróró ta dé àjà, ó sì ta sí ọrùn ọwọ́ mi. Ọmọ mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kúrò nílé ìdáná ni. Àpá náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí mo bá ń ronú nípa ibi tí ọmọ yẹn dúró sí ní ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú, ara mi a máa gbọ̀n.

Ẹ̀bi mi ni, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ dán an wò mọ ìdí rẹ̀ dáadáa. Omi tó di ooru nínú seedai ń wá ọ̀nà jáde. Bí a bá yí i dán jù, tó le pinpin, ara rẹ̀ á pa dé kí ooru tó jáde, agbára ooru á sì fọ́ ọ. Èérún ìyẹ̀fun tí kò kúnná àti kókó iyọ̀ tí kò yọ́ máa ń dá irú wàhálà kan náà sílẹ̀. Nítorí náà: jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, yọ́ iyọ̀ sómi, má ṣe fún un pọ̀ nígbà tí o bá ń yí i. Bí ara rẹ̀ bá là fẹ́ẹ́rẹ́, inú rẹ kó dùn, ọ̀nà ooru nìyẹn. Fi igi ìtayín gún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Jẹ́ kí wọ́n gbẹ díẹ̀ lórí aṣọ. Fi iná pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí ìdérí agbada wà lárọ̀ọ́wọ́tó rẹ. Bí o bá gbọ́ ìbúgbàù kan, dé e, pa iná, kí o sì kúrò níbẹ̀. Bí òróró bá gbiná, má ṣe da omi sí i láéláé. Kí ọmọdé má sì sí nítòsí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ara rẹ̀ kọ́ èyí.

Nípa ohun èlò, ìrẹsì túwó tí àwọn Hausa ń tà ní Bódìjà ni mò ń lò, nítorí wọn ò bọ̀ ọ́. Ìrẹsì tí a ń jẹ lójoojúmọ́ ti gba ooru kọjá, kò ṣiṣẹ́ bákan náà. Ulundu àti perungayam ń ti ọ̀dọ̀ àwọn ará Íńdíà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìlúpéjú wá bí mo bá lọ sí Èkó. Òróró ẹ̀pà tiwa dára fún un gan-an. Lẹ́yìn dídín, jẹ́ kí ó tutù pátápátá kí o tó dé e mọ́ inú agolo. Bí ooru bá ṣì wà nínú rẹ̀, yóò di omi lábẹ́ ìdérí, gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ kan á sì rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Nígbà ọyẹ́, ó máa ń pẹ́ nínú agolo. Nígbà òjò, díẹ̀díẹ̀ ni mo ń dín in. Ní Chennai, inú òjò ni Deepavali máa ń bọ́ sí, agolo irin Maami sì fún débi pé èmi ni wọ́n máa ń pè láti bá wọn ṣí i.

Ìlú kan wà lẹ́bàá Tiruchirappalli tí wọ́n ń pè ní Manapparai, ìjọba Íńdíà fi òǹtẹ̀ lu orúkọ murukku ibẹ̀ ní 2023, pé ibẹ̀ nìkan ló lè jẹ́ orúkọ yẹn. Àwọn ará ibẹ̀ ní omi ìlú wọn tó níyọ̀ díẹ̀ ló ń fún un ládùn. Ọmọ ọmọ Maami fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí mi. Mo kà á fún ìyá mi. Wọ́n ní ó dára, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tíì fi òǹtẹ̀ lu ti Maami.

Ìyá mi ń rìn báyìí. Wọ́n ti fi àpótí sílẹ̀. Àga gíga ni wọ́n ń jókòó lé, ọjọ́ Sátidé nìkan ni wọ́n sì ń dín àkàrà. Etí Maami ti wúwo. Ọmọ ọmọ wọn ló ń dín ìpápánu ọdún fún gbogbo ilé, kai murukku náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti rí i nínú fídíò. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí Deepavali ku ọjọ́ mẹ́rin, ó pè mí lórí WhatsApp, agbada wà lórí iná, ó ní òun ò dá ara òun lójú, àti pé bí òun bá bi Maami, wọ́n á ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ó gbé fóònù sún mọ́ òróró. Mo gbé tèmi sí etí ìyá mi.

Wọ́n di ojú. Wọ́n gbé ọwọ́ òsì sókè. Mo gbọ́ ṣàà náà díẹ̀díẹ̀ láti ibi tí mo dúró sí, lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ ọ mọ́, àmọ́ ọwọ́ wọn ṣì wà lókè, ó pẹ́ díẹ̀ sí i. Wọ́n wá sọ ọ́ kalẹ̀.

"Edu," ni wọ́n wí.